Ẹni Tó Wọlé Dán Kọ́kọ́rọ́ Wò

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò kórìíra àbúrò ìyàwó rẹ̀ látilẹ̀. Òun gan-an ló mú un wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣòkòtò kó lè mú bí ọ̀bẹ, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà kó má baà tú téèyàn bá ń sáré lé olè. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọkùnrin náà fi sùn ní pálọ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá jọ ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ọmọ náà ń bá a gbé fìlà dání, inú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa dùn ṣìnkìn. Pátákó ló dá wàhálà sílẹ̀.

Pátákó dúdú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá gbé e kọ́ sára ògiri níwájú yàrá àtìmọ́lé, ó kọ orúkọ ọlọ́pàá mẹ́rìnlá sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mú èèyàn kan wá, ilà ṣọ́ọ̀kì kan. Tí ẹjọ́ onítọ̀hún bá dé kóòtù, ilà kan sí i. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹni tí ilà rẹ̀ bá tó ogún, Ọ̀gá á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè fún okùn ipò, ìyẹn okùn funfun tí wọ́n ń rán mọ́ apá aṣọ. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó ogún, kó máa wo apá ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gá gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Ilà tí mo bá ti fà, mo ti fà á. Ẹyin ni, tó bá ti balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ẹ má wá bẹ̀ mí pé kí n pa nǹkankan rẹ́."

Kì í ṣe pé Ọ̀gá burú. Wọ́n ń ka ti òun náà níbòmíì. Àgọ́ méje ni wọ́n ń fi wé ara wọn, ọ̀gá àgọ́ tó bá sì gbẹ́yìn, ibi tí kò fẹ́ ni wọ́n á gbé e lọ.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ayálégbé àti onílé bá ń fa ara wọn láṣọ ya, á jókòó sáàárín wọn, á bọ́ fìlà, á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Tó o bá fi ìbínú lù ú, ta lo lù?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ìjà á tán. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí pátákó dé, ìjà méjìlélógún ló parí, ọmọ mẹ́rin tó sọnù ló sì dá padà fún ìyá wọn. Pátákó ò ní àyè fún ìyẹn. Ilà mẹ́ta péré ló ní.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní méjìlá. Kíákíá ni wọ́n ń pe òun. Awakọ̀ méjì tó ń pariwo mọ́ra wọn, ó ti kó àwọn méjèèjì. Ẹni tó tọ̀ sídìí ògiri, ó mú un kó tó fa síìpù tán. Ọ̀mùtí kan tó sùn jẹ́jẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, Kíákíá gbé e lójú oorun. Ìgbà tí ọkùnrin yẹn jí ní àtìmọ́lé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun ti fèrèsé, òtútù ń mú òun.

Ọ̀gá bọ Kíákíá lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì fún un. Àpótí ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń jókòó lé, ẹsẹ̀ kan kúrú, ó máa ń ṣe gọ̀ngọ̀n-gọ̀ngọ̀n tó bá ń kọ̀wé. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, okùn kan ṣoṣo ló wà lápá rẹ̀. Kíákíá ò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, okùn kan náà ni tiẹ̀. Tí ó bá gba ìkejì, òun tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so bàtà ni yóò máa kó ẹsẹ̀ pọ̀ kí i láàárọ̀.

Nígbà míì, tí Kíákíá bá dìde, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á lọ bí ẹni tó ń wá bírò, á fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga yẹn. Á gbóná díẹ̀. Á yára mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tó jalè.

Nílé náà, kò sí ìsinmi. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Ìyá wa pè lónìí. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ìyá ṣeun."

"Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ní ilà mẹ́tàlélógún."

"Ta ló sọ fún ìyá?"

"Òun náà ni. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń pè wọ́n, wọ́n jọ máa ń kà á ni. Wọ́n wá bi mí léèrè tiyín."

"Kí lo sọ?"

Ìyàwó rẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò, ó tún un dé. "Mo ní ẹ kì í fẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju èébú lọ. Owú ò léyín, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹran. Láti ọjọ́ náà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò jókòó sáàárín ìjà mọ́. Ó ń kó wọn ni. Ayálégbé, onílé, ó ti kó wọn. Ó ní ilà méje ní oṣù kejì, ó ní mẹ́sàn-án ní oṣù kẹta. Kò sẹ́ni tó tún ń bá a rẹ́rìn-ín ládùúgbò. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì, ni Ọ̀gá á fi orúkọ ránṣẹ́, mọ́kàndínlógún ló ní. Kíákíá ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ yàrá àtìmọ́lé ńlá bàjẹ́. Wọ́n kó àwọn tó wà níbẹ̀ sí yàrá kejì, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì lọ pe Agékọ́kọ́rọ́ wá.

Òdìkejì títì, lábẹ́ agbòòrùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ni Agékọ́kọ́rọ́ ń jókòó, ó ń gé ọmọ kọ́kọ́rọ́, ó ń tún ti ilẹ̀kùn ṣe. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé níbẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tí àwọn onílé fẹ́ lé e, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bọ́ fìlà, tó sọ òwe àmúkùrù, tí wọ́n fi gbà á láyè. Gbogbo àdúgbò ló ń fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á lọ síbi iṣẹ́, tí ọkàn wọn á balẹ̀. Ohun tó ń tà gan-an nìyẹn. Ta ló fẹ́ fún olè ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀?

Agékọ́kọ́rọ́ tú kọ́kọ́rọ́ náà, ó nu ìpẹtà rẹ̀, ó pààrọ̀ irin kékeré kan, ó dè é padà. Iṣẹ́ ẹ̀ ní ìlànà kan: tó bá tún ilẹ̀kùn ṣe tán, ẹnìkan á wà nínú, ẹnìkan á wà níta, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún lọ́nà méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wọnú, nítorí etí rẹ̀ ló mọ ohun tó ń gbọ́. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ dání, ó wọlé, ó na ọmọ kọ́kọ́rọ́ sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín irin.

"Ẹ tì í, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí i. Ó dún kọ́.

"Ẹ gbọ́? Bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó ti dáa. Ẹ ṣí i."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di ọmọ kọ́kọ́rọ́ mú. Pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Mọ́kàndínlógún. Àga onífẹ̀yìntì wà lápá ọ̀tún. Èèyàn kan wà nínú àtìmọ́lé, ilẹ̀kùn sì ti tì.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "dúró síbẹ̀ ná."

"Kí ló dé? Ó há ni?"

"Kò há. Ilà kan ni mo ń wá. Jẹ́ kí n fi ẹ́ gba ilà kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ní mo wádìí ẹ, kò sí nǹkankan, wàá lọ sílé ẹ."

Agékọ́kọ́rọ́ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti ń lé ilà? Kí lẹ fẹ́ sọ pé mo ṣe?"

"Màá wá nǹkan kọ."

"Kò ní di wàhálà?"

"Èmi náà kọ́ lo ń wò yìí?"

Agékọ́kọ́rọ́ rántí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lé òun. Ó fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, ó jókòó. Ó ní, "Ìrọ̀lẹ́ o. Àwọn oníbàárà méje ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó sórí àpótí, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé òun mú ọkùnrin kan pẹ̀lú irinṣẹ́ ìfọ́lé: wáyà títẹ̀ mẹ́fà, ayùn kékeré méjì, ọmọ kọ́kọ́rọ́ ilé onílé méje. Irọ́ ò sí nínú iye wọn. Ọ̀gá fa ilà. Ogún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wò ó, inú rẹ̀ dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó wo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti Kíákíá.

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá ní kó bá òun lọ sí ìpàdé kan. Ìpàdé ò tètè tán. Ìgbà tí wọ́n padà dé, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ẹnu irin. Yàrá ti ṣófo.

Kíákíá wà lórí àga rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bùọ̀dá! Ẹ wo pátákó."

Mọ́kànlélógún.

"Níbo ni ọkùnrin yẹn wà?"

"Mo fi fáìlì rẹ̀ kún tèmi. Mọ́tò kóòtù ti kó wọn lọ. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n á pè é. Ilà kan sí i nìyẹn fún yín, èmi ni mo bá Ọ̀gá fà á. Mo ní kó má jẹ́ ogún géérégé, kí Ọ̀gá má lọ sọ pé agbára káká lẹ fi dé e."

"Ta ló rán ẹ?"

Ẹ̀rín kú lójú ọmọkùnrin náà. "Bùọ̀dá, mo ràn yín lọ́wọ́ ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Ìyá ń sọ ọ́ létí mi pé kí n má dá gba okùn, kí n fa ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dání."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fẹ́ bínú, kò rí ibi gbá ìbínú mú. Oore ni wọ́n ṣe fún un. Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé oore gan-an, ọmọ yìí ń yára ṣe é jù ú lọ.

Ó lọ bá Ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí mo mú lónìí, kò ṣe nǹkankan. Ẹ pa ilà yẹn rẹ́."

Ọ̀gá ń kó ìwé rẹ̀ jọ láti lọ sílé. "Mi ò ní ìparẹ́. Mo ti ka iye wa fún wọn nípàdé lónìí. Igba ó lé mẹ́rin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣé o fẹ́ kí n pè wọ́n padà pé ó ti di igba ó lé mẹ́ta?"

Ó lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba, obìnrin kan tó ń wọ awò, tó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ṣàlàyé. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹjọ́ mẹ́ẹ̀dógún ni mo gbọ́dọ̀ jàre lóṣù yìí," ó ní. "Mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ mi. Tèyí ló rọrùn jù. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá ní òun jẹ̀bi, owó ìtanràn kékeré ni, á lọ sílé lọ́jọ́ náà. Tó bá ní òun ò jẹ̀bi, oṣù mẹ́rin ni kó tó kan án. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé irinṣẹ́ ìfọ́lé ni, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ purọ́ ni?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú oríire! Ìyá ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì ni! Wọ́n ní àwọn á wá wo aṣọ yín." Ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì rí i kí obìnrin yìí fi ojú yẹn wo òun. Ojú tó fi ń wo àbúrò rẹ̀ ni. Ó jẹun, kò mọ ohun tó jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jẹ́ kó wọ yàrá ẹ̀yìn kóòtù. Agékọ́kọ́rọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín èèyàn mẹ́jọ. Wọ́n ti gba báàgì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò rí nǹkan mú.

"Ẹ ò wá lánàá," ó ní.

"Wọ́n gbé mi jáde."

"Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń ka orúkọ wa. Báàgì mi ṣì wà lábẹ́ orí mi. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe, tí mo bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú kan ò ní pé. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí n dúró."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bọ́ fìlà, ó tún dé e.

"Obìnrin yẹn ní kí n ní mo jẹ̀bi, kí n máa lọ sílé. Tí mo bá wí bẹ́ẹ̀, ta ló tún máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀? Tí mi ò bá sì wí bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́rin, kí làwọn ọmọ mi á jẹ? Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Kí ni kí n sọ?"

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó lanu.

Nínú kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba ka wáyà mẹ́fà, ó ka ayùn méjì, ó ka ọmọ kọ́kọ́rọ́ méje. Adájọ́ ò gbójú sókè. "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

Agékọ́kọ́rọ́ yíjú, ó ń wá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín èrò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wo Kíákíá tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ó rò ó pé tí òun bá dákẹ́, okùn á di méjì-méjì, kò ní sẹ́ni tó máa kó ẹsẹ̀ pọ̀ kí ẹnìkan. Ó fẹ́ ẹ gan-an.

"Mo… mo jẹ̀…" Agékọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Kò jẹ̀bi!"

Adájọ́ gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Olúwa mi. Èmi ni mo mú un."

"O mú un, o tún ní kò jẹ̀bi. Orí ẹ pé?"

"Kọ́kọ́rọ́ wa ló wá tún ṣe, Olúwa mi. Ó wọlé dán an wò. Mo wá tì í mọ́ ọn."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ilà."

"Ilà wo?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá ṣàlàyé pátákó, láti orí ilà àkọ́kọ́ dé ìkọkànlélógún. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó débi tí ọkùnrin náà fi irinṣẹ́ ìfọ́lé ṣe ìrọ̀rí, adájọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bírò fa nǹkan nínú ìwé rẹ̀.

Adájọ́ ní kí Agékọ́kọ́rọ́ máa lọ sílé. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkankan nípa pátákó, ó ní ìyẹn ò sí níwájú òun.

Ìgbà tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ padà dé àgọ́, Ọ̀gá ti rí ìparẹ́. Ilà mọ́kànlélógún ti lọ, orúkọ rẹ̀ ti bá wọn lọ. Ẹnu géètì ni wọ́n gbé e sí. Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn tẹ̀ lé e débẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó kàn gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ ṣe dáadáa." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Okùn kejì Kíákíá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó ẹsẹ̀ pọ̀ ní géètì, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Bùọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́," ọmọ náà rọra ní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Ká ní ó yan kọjá bí ọ̀gá ni, ì bá sàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí tó fi wọlé tán.

Láti géètì, ó ń rí Agékọ́kọ́rọ́ lódìkejì títì. Àwọn kan ti rí ọkùnrin náà nínú mọ́tò kóòtù, ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Nínú oníbàárà méje yẹn, márùn-ún wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn láìgé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń kà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn méjì ló dúró lábẹ́ agbòòrùn. Nígbà tí ìròyìn ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù náà tàn dé àdúgbò, wọ́n di mẹ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò lè kà wọ́n mọ́. Wọ́n á ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọn ò ní wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó sì tún ń jowú rẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ti ń bá òun náà rẹ́rìn-ín rí.

Agékọ́kọ́rọ́ kì í kí i. Kì í sì í bú u.

Ó tó oṣù kẹrin kí kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé tó tún bàjẹ́. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Agékọ́kọ́rọ́. Agékọ́kọ́rọ́ ní òun á wá, àmọ́ ìta lòun máa dúró sí, kí wọ́n lọ wá ẹni tí yóò wọnú.

Àwọn ọlọ́pàá wo ara wọn. Kíákíá ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Ẹnìkan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dìde lórí àpótí rẹ̀, ó bá Agékọ́kọ́rọ́ gbé báàgì irinṣẹ́ láti òdìkejì títì wá, ó sì wọnú àtìmọ́lé.

Agékọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dè é tán, ó yí ọmọ kọ́kọ́rọ́. Kọ́.

"Ó dún dáadáa?" ó bi í. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kóòtù nìyẹn.

"Bí igi gbígbẹ."

Agékọ́kọ́rọ́ yọ ọmọ kọ́kọ́rọ́, ó kó o sápò. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ó dáa náà. Ṣé ìrọ̀lẹ́ ni kí n padà wá?"

Ẹ̀rín bú ní gbogbo àgọ́. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kíákíá nìkan ni ojú tì, ó dojú kọlẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì di irin mú. "Ìgbà tó o bá fẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Mo wà níbí."

Agékọ́kọ́rọ́ lọ jókòó sórí àga onífẹ̀yìntì, ó fẹ̀yìn tì dáadáa, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Láàárín irin, pátákó wà níwájú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gan-an, kò síbòmíì tó lè wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilà Kíákíá. Ó ti dé méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ tún wọ ihò rẹ̀, ó sì fọwọ́ júwe pé kí Agékọ́kọ́rọ́ dúró díẹ̀, kí òun kà á tán.